Ta Ló Di Ẹrù Rẹ?

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi arìnrìn-àjò níwájú káńtà ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n tó gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ìwọ fúnra rẹ lo di ẹrù yìí, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sì fún ọ ní ohunkóhun pé kí o bá òun gbé e? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í jẹ́ kí ìbéèrè náà délẹ̀ tí wọ́n á ti mi orí. Ọkàn wọn wà lórí ìwọ̀n, bóyá ẹrù ti lé ní kílò 23, bóyá wọn yóò ní kí wọ́n sanwó lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìkẹjà, màmá kan tó wà níwájú mi lórí ìlà dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà tí n kò gbọ́ rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́ńdọ̀nù ni màmá náà ń lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ, ó fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ di ẹrù yìí?" Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwa ni o, ọmọ mi. Gbogbo wa la dì í." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ènìyàn rẹ̀. Àbúrò òun ló ra èlùbọ́. Ìyàwó ilé ló lọ ata gbígbẹ. Obìnrin kan nínú ìjọ wọn gbé nǹkan wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí òun bá òun fún ọmọ òun tó wà ní Manchester. Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọbìnrin náà. Ó béèrè ohun tó wà nínú ẹrù obìnrin ìjọ. Màmá ní òun kò mọ̀, wọ́n ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. "N kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù wò," ó wí bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ́rìí sí ìwà ara rẹ̀.

Wọ́n ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì tú u. Ẹ̀gúsí ni, aṣọ ọmọdé mélòó kan, àti ike òrí. Kò sí láburú kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ màmá ń gbọ̀n bó ṣe ń bá wọn kó o padà, ojú sì ń tì í gidigidi. N kò rò pé nítorí pé wọ́n fura sí i ni. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n tú ẹrù tí ẹlòmíràn fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, òun náà sì dúró, ó ń wò ó.

Mo mọ ibi tí ìtìjú yẹn ti wá, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ èmi náà. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ tí n kò sí lọ́dọ̀ wọn, ìyá mi máa ń fi gàrí àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ awakọ̀. Yóò fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn rán ẹnu àpò náà pa, yóò kọ orúkọ mi sára rẹ̀, ó di gáréèjì. Awakọ̀ kì í béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Tí ẹnu àpò bá dé ọwọ́ mi bí wọ́n ṣe rán an, èèyàn dáadáa ni awakọ̀ yẹn, orúkọ rẹ̀ á sì dùn lẹ́nu wa nílé. Tí okùn bá ti já, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló já a, a ó fi ojú mìíràn wò ó. Bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ìránṣẹ́ nìyẹn: ó gbé e, kò wò ó.

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Àwọn baba ńlá wa máa ń pa àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Owó ẹyọ méjì tí a dojú wọn kọra, ìfẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí a bá kẹ̀yìn wọn síra, ìjà ti dé. Wọ́n á so ó, wọ́n á dì í, wọ́n á fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́, ìránṣẹ́ náà á gba igbó àti odò kọjá láìtú u. Ẹni tí a rán lè ru ogun lọ sí ìlú onílùú kó má sì mọ ohun tó rù. Ìlú kò ní dá a lẹ́bi. Ẹni tó rán an ni wọn yóò kọjú sí, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìránṣẹ́ kò mọ inú ẹrù.

Ibi tí òfin pápákọ̀ òfurufú ti ya kúrò lójú ọ̀nà wa gan-an nìyí. Lójú òfin yẹn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpótí ló ni ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. "Wọ́n rán mi ni" kì í ṣe ìdáhùn. Inú máa ń kọ́kọ́ bí mi sí ìlànà yìí, mo máa ń rí i bí ohun tí àwọn tí kò mọ ara wọn gbé kalẹ̀ fún àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wá ìdí ìbéèrè yẹn lọ, mo bá ọ̀rọ̀ obìnrin kan pàdé tó mú inú mi rọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ọmọbìnrin ará Ireland kan tó wà nínú oyún dé pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ El Al lọ sí Ísírẹ́lì. Ọkùnrin tó fún un lóyún, Nezar Hindawi, ará Jọ́dánì, ti ṣèlérí pé òun yóò gbé e níyàwó. Ó ní kó máa lọ ṣáájú, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Òun ló fún un ní báàgì tó gbé lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ báàgì náà wò ní pápákọ̀, kò sí ohun tí wọ́n rí. Àwọn aláàbò El Al ni kò jẹ́ kó kọjá. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò sì balẹ̀ sí wọn nínú. Nígbà tí wọ́n kó ohun tó wà nínú báàgì jáde tán, báàgì òfìfo náà ṣì wúwo lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣe ìsàlẹ̀ mìíràn sábẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, bọ́ǹbù ló wà níbẹ̀. Ó lé ní 370 ènìyàn tí ìbá bá a lọ, òun àti oyún inú rẹ̀ ni wọn ìbá sì kọ́kọ́ kà mọ́ òkú. Nínú ọdún náà ni ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ju Hindawi sẹ́wọ̀n ọdún 45.

Kì í ṣe àjèjì ló di ẹrù náà fún un. Ẹni tó fẹ́ràn ni. Bí wọ́n bá bi í pé ǹjẹ́ o fọkàn tán ẹni tó fún ọ ní báàgì yìí, bẹ́ẹ̀ ni ni ìbá wí tọkàntọkàn. Ìgbà tí mo ka ìtàn yìí ni mo rí i pé ìbéèrè orí káńtà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìwà ẹni tó dúró síbẹ̀. Ohun tó ń wádìí ni bóyá ẹnìkan ti fi ìfẹ́, tàbí ojú àánú, tàbí ẹ̀mí ìjọ, sọ onítọ̀hún di ẹni tó ń ru ikú láìmọ̀.

Mo ti bá ara mi jiyàn lórí èyí. Ọ̀daràn kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fún mi lẹ́rù. Rárá ni yóò wí, ojú rẹ̀ kò sì ní ṣẹ́. Ẹni tó ń sọ òtítọ́ nìkan ni ìbéèrè náà ń dá dúró, bó ṣe dá màmá dúró. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, tó ti ń mú kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa bi ará ìlú ní irú ìbéèrè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, pa á tì ní 2002, wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà n kò lè sọ pé ìbéèrè yẹn ń mú olè. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó ń fún aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ní àyè kan ṣoṣo láti dúró kó sì ronú kí àpótí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti wọlé sórí bẹ́líìtì, ó parí.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ẹrù wá wọn wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gba pápákọ̀ Kánò lọ ṣe Úmúrà ní Sáúdí Arábíà. Àwọn kan níbẹ̀ so orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí kì í ṣe tirẹ̀, tramadol ló sì wà nínú rẹ̀. Sáúdí ń dájọ́ ikú fún ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọ ilẹ̀ wọn. Oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà ti bá wọn sọ ọ́ títí, tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ tó lọ́wọ́ sí i sì ti bọ́ sọ́wọ́ òfin nílé. Ní 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́ta mìíràn tó gba Kánò kan náà lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí ni mo ti máa ń ya fọ́tò àpótí mi kí n tó gbé e sílẹ̀, tí mo sì ń ka iye bébà àmì ẹrù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà mi, kí ó má lé ju iye àpótí tí mo gbé lọ. Mo ń tọ́jú bébà náà pẹ̀lú títí mo fi délé.

Ní ti àwọn òfin yòókù tó máa ń tán wa ní sùúrù, ọgbẹ́ kan ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Omi àti ìpara tí kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ẹrù ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, ní ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ tẹ àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fẹ́ po bọ́ǹbù olómi sínú ike ohun mímu. Bàtà tí wọ́n ń ní kí a bọ́, Richard Reid ló fà á, ẹni tó gbìyànjú láti tanná ran bàtà rẹ̀ lókè òfurufú ní oṣù Kejìlá 2001. Ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà tó sọ pé kí àwọn arìnrìn-àjò yé bọ́ ọ. Òfin ìyẹ̀fun tó bá ju mílílítà 350 lọ, tó ń dá gàrí àti èlùbọ́ dúró nínú ẹrù ọwọ́ ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, 2018 ló dé. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò sì nìyẹn, tó ń fi àwọ̀ sọ̀rọ̀: irin á yọ búlúù, oúnjẹ àti aṣọ á yọ àwọ̀ ọsàn. Bọ́ǹbù náà, àwọ̀ ọsàn ló ń yọ. Ìdí tí wọ́n fi ń tú oúnjẹ wa nìyí. Èlùbọ́ tí a fi ọ̀rá dì gbagidi kò yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ sí ohun tó ń fọ́ ọkọ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń tú u fi ọ̀wọ̀ tú u. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n da oúnjẹ àgbàlagbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kí wọ́n má tú u.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọgbẹ́ wọ̀nyí tó jẹ́ tiwa. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin Nàìjíríà kan tó wọ ọkọ̀ láti Èkó, tó gba Amsterdam, gbìyànjú láti fọ́ ọkọ̀ òfurufú kan bó ṣe ń sún mọ́ Detroit. Inú aṣọ abẹ́ rẹ̀ ló tọ́jú bọ́ǹbù náà sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń wo gbogbo ara ènìyàn di púpọ̀ káàkiri, tí Amẹ́ríkà sì kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè 14 tí wọn yóò máa yẹ ará wọn wò ju ti ẹlòmíràn lọ. A ráhùn nígbà náà, ìráhùn náà sì tọ́, torí a kì í torí ẹnìkan fìyà jẹ ìlú. Ohun tí n kò jẹ́ gbàgbé nínú rẹ̀ ni bàbá ọmọ náà. Ní oṣù tó ṣáájú, ó gbéra, ó lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá, ó ní ẹ̀rù ohun tí ọmọ òun lè ṣe ń ba òun. Ẹ rò ó wò. A tọ́ wa dàgbà pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde. Bàbá yìí tú ẹrù ilé rẹ̀ níwájú àlejò, nítorí àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe. Èyí kò dín iyì rẹ̀ kù lójú mi.

Mo tún ronú nípa ohun tó ń dúró de màmá ní òdìkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé físà ni ìwọlé. Físà á gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Òṣìṣẹ́ tó jókòó ní ibodè ló ní àṣẹ láti ṣílẹ̀kùn, ó sì lè dá ọ padà. Yóò bi ọ́ pé ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ, kí lo fẹ́ ṣe, ìgbà wo lo máa padà, ta ni yóò máa bọ́ ọ. Kò yẹ kí ìbéèrè wọ̀nyí ṣàjèjì sí wa. Àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́ ní odi, odi ní ibodè, oníbodè ń bẹ níbẹ̀. Òun ló ń gba owó ibodè, tó sì ń wádìí ẹni tí àlejò fẹ́ dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí òyìnbó tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí àlejò la ìlú wọn kọjá. Ẹnu ààlà ni wọ́n ti ń bá wọn ná ọjà. Àlejò tí kò ní onílé kò wọlé. Ohun tí oníbodè ń béèrè nígbà náà ni orúkọ ẹni tí yóò dúró fún ọ.

Oníbodè ìsinsìnyí ń béèrè orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí ohun tó wà lẹ́nu rẹ bá ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ mu. Ẹlòmíràn ló sábà máa ń bá àwọn àgbà wa kọ fọ́ọ̀mù, ọmọ àbúrò kan tàbí oníṣòwò kan tó ní kọ̀ǹpútà. Wọn kì í kà á sí wọn létí. Àgbàlagbà á wá dúró níwájú òṣìṣẹ́, yóò máa sọ ohun tó mọ̀, èyí tó jẹ́ òtítọ́, nígbà tí fọ́ọ̀mù ń sọ nǹkan mìíràn lórúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ló máa padà, á ní títí ara ọmọ yóò fi gbó díẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni Bìrìtéènì ń fún àlejò. Wọ́n gbà kí ìyá àgbà wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọn kò gbà kó di iṣẹ́ tó wá ṣe. Kò sí ohun tó le nínú èyí fún màmá láti lóye bí ẹnìkan bá jókòó tì í kó ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ẹrù tí a dì fún un, tí a lẹ ẹnu rẹ̀ pa, tí a sì ní kó gbé e kọjá.

A máa ń wí pé ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Síbẹ̀ ohun tí màmá sọ ní Ìkẹjà gan-an nìyẹn, òun nìkan, lórúkọ gbogbo àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tó sọ ọ́. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Bí a ṣe ń gbé ayé wa nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ó máa wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wà ní Manchester tó fẹ́ jẹ ẹ̀gúsí ìyá rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ìyá tó fi í ránṣẹ́ kò ṣẹ̀. N kò fẹ́ ayé tí kálukú yóò máa gbé àpótí tirẹ̀ lọ, tí kò ní sí ẹni tí yóò bá ẹnikẹ́ni mú nǹkan dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kó yí padà ni ibi tí a gbé iyì ìránṣẹ́ sí. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú ni kì í béèrè ohun tó ń rù. Ọmọ lè béèrè, kó jókòó, kó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kó sì mọ̀ ọ́n débi pé bí wọ́n bá bi í ní káńtà, yóò lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nílé tiwa báyìí, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ á mú ẹrù rẹ̀ wá ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń pariwo níta. Ẹran kò sí níbẹ̀, pọ̀nmọ́ kò sí níbẹ̀, wàràkàṣì kò sí níbẹ̀, torí Bìrìtéènì kò gba ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe láti ọ̀dọ̀ wa. Oògùn tí kò ní ìwé dókítà kò sí níbẹ̀, àgbo inú ìgò náà kò sí níbẹ̀. A kì í gba báàgì ọlọ́báàgì, inú àpótí tiwa la ń kó o sí. Ó kọ́kọ́ nira fún àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tilẹ̀ bínú gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé, ó ní a fi òun wé olè. Ó tún gbé e wá ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì jókòó tì wá títí a fi kó o tán.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ lọ́wọ́ ará àdúgbò tàbí ará ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá ní ẹnu ṣíṣí. Ẹ kó o jáde níṣojú ẹni tí yóò gbé e, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó o padà. Bí ó bá ní òun kò lè gbé èyí tàbí ìyẹn, ẹ má bá a bínú. Orúkọ tirẹ̀ ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ àpótí náà, kì í ṣe tiyín.